Mo fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko ní Kẹ́ńyà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejìÀkúrẹ́: Ẹ kú ilé o. Èmi àti bàálé mi ń lọ wo ẹranko ní Kẹ́ńyà lóṣù kẹjọ, ọjọ́ méje. Ká kàn jókòó sínú mọ́tò ká máa ya fọ́tò erin, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé ibì kan wà tí àlejò ti lè bá wọn ṣe nínú iṣẹ́ náà gan-an?

ỌmọÌdànrè: Mummy, Ol Pejeta ni, ọgbà ìtọ́jú ẹranko kan nítòsí ìlú Nanyuki. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ àwọn kìnnìún kan lọ́rùn. Ẹ ó bá àwọn òṣìṣẹ́ wọ mọ́tò, wọ́n á na éríà síta, ẹ ó máa gbọ́ "pí, pí". Bí ìró yẹn bá ṣe ń le sí i, ẹ ti ń súnmọ́ wọn nìyẹn. Iye tí ẹ bá rí àti ohun tí wọ́n ń ṣe, kíkọ ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tèmi, pí-pí la gbọ́ títí, ìrù kan ṣoṣo la rí nínú koríko! Síbẹ̀ mo gbádùn ẹ̀ ju gbogbo fọ́tò mi lọ. Ibẹ̀ náà ni Najin àti Fatu wà, ìyá àti ọmọ, àgbáńréré funfun ti àríwá méjì péré tó kù láyé láti ìgbà tí Sudan, akọ wọn tó kẹ́yìn, ti kú ní 2018.

Akẹ́kọ̀ọ́FUTA: Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ kìnnìún lé àlejò lọ́wọ́, ó pọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n á já a gbà lẹ́nu ọmú ìyá ẹ̀. Tó bá dàgbà, wọ́n lè tà á fún olówó tó fẹ́ yìnbọn pa á nínú ọgbà. Ìtọ́jú wo nìyẹn? Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fọwọ́ kan ẹran dandan, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gé àmì sí etí àgbáńréré kí wọ́n lè máa dá a mọ̀. Inú hẹlikópítà ni dókítà ẹran ti ń yìnbọn oorun fún un, wọ́n á sì fi aṣọ bò ó lójú. Àmọ́ àwọn àlejò ló ń san owó hẹlikópítà yẹn o, ẹ mówó dání.

Ọmọlọ́dẹ: Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè bá àwọn ẹ̀ṣọ́ rìn lọ yọ wáyà. Bàbá mi dọdẹ nígbó Ìfọ́n, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Wáyà tí wọ́n ta ní ojóbó sójú ọ̀nà ẹran kò mọ aboyún, kò mọ ọmọ. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, kò sí fọ́tò níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá yọ, ẹran kan bọ́ nìyẹn.

Alágbàká2: Òkomù ní Ẹdó ńkọ́? Erin wà níbẹ̀, ẹ ò ní wọ bàálù.

ỌmọÌdànrè: Erin inú igbó kìjikìji nìyẹn, wọn kì í tètè yọjú. Mummy, ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára yín kí ẹ tó dé ọ̀hún.

ÌyáÌbejìÀkúrẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Bàbá Ìbejì ti ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò níbi tí kìnnìún bá wà. Ọmọlọ́dẹ, ṣé bàtà rọ́bà tí mo fi ń lọ oko kòkó lè ṣe é?

Ọmọlọ́dẹ: Rárá ma. Oòrùn ọ̀hún á mú kó máa jó yín lẹ́sẹ̀. Kánfáàsì tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ti máa wọ̀ ọ́ káàkiri Àkúrẹ́ báyìí.