Báwo ni kí n ṣe bá àwọn ọ̀dọ́ Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ sọ̀rọ̀ àlàáfíà?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, wọ́n sì ní kí n bá àwọn ọ̀dọ́ Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí ìlú ṣe ń rí àlàáfíà lẹ́yìn ìjà. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì dáyé nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní 1997 lórí ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu òbí wọn.

Ohun tó rú mi lójú jù ni ààlà tó wà láàárín ìjà òmìnira àti ìgbésùnmọ̀mí. Mandela wà lára àwọn tó dá ẹ̀ka ológun ANC, ẹgbẹ́ tó jà fún òmìnira àwọn èèyàn dúdú ní South Africa, sílẹ̀ ní 1961, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 1993, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tí Amẹ́ríkà ń fura sí bí agbésùnmọ̀mí títí di 2008. Lójú tèmi, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa aráàlú tí kò gbé ohun ìjà ti kọjá ààlà, bó ti wù kí ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ tọ́ tó. Ṣé òṣùwọ̀n yìí tó?

Ọ̀rọ̀ ìdáríjì tún wà níbẹ̀. Ní Northern Ireland, wọ́n tú ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ agbébọn tó wà lẹ́wọ̀n sílẹ̀ lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà 1998. Ìbọn rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó dun àwọn tí wọ́n pa èèyàn wọn gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú ètò yìí rí, ṣé kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tí ilé wọn pàdánù, àbí àpẹẹrẹ òkèèrè ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?