Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ: ṣé agbára rẹ̀ ni sack 15 ọdún 2003, àbí òjìji Jason Taylor?

Ọmọ Lágere:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà níhìn-ín ń jiyàn lórí Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ, ọmọ tiwa tí wọ́n bí sí Brooklyn ní 1977. Ó ní sack 15 (kí a gbé quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, lulẹ̀ kó tó jù ú) fún ẹgbẹ́ Miami Dolphins ní 2003, òun ló sì ṣíwájú ní gbogbo AFC, ọ̀kan nínú ìhà méjì líìgì Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní torí pé èèyàn méjì ń dá Jason Taylor, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dúró lápá kejì ni ọ̀nà fi là fún un. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo sì ni ẹni tí wọn ò yàn nínú draft, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan ọmọ yunifásítì lọ́dọọdún, ṣe débẹ̀?

Ará Ìlódè:
Orúnkún ló fa ti draft. Ní Yunifásítì Indiana, sack 34.5 ló kó jọ, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ ní 1999, ọdún tó kẹ́yìn níbẹ̀. Ìpele 7 ni draft, dókítà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń yẹ ara wò kí wọ́n tó yan èèyàn. Ìpele 7 parí ní 2000, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ rẹ̀. Miami wá mú un lẹ́yìn náà, kò sì wọ pápá rárá lọ́dún yẹn. Ìdajì sack ní 2001, 9.5 ní 2002, lẹ́yìn náà 15. (Bí èèyàn méjì bá jọ gbé quarterback lulẹ̀, ìdajì-ìdajì ni wọ́n ń pín in.)

Ọmọ Ọ̀bọkún, Iléṣà:
Taylor ṣèrànwọ́, a ò lè jiyàn ìyẹn. Sack 18.5 ló ní ní 2002, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí kálukú dúró. Apá ọ̀tún ni Taylor wà, lẹ́yìn quarterback tó ń fọwọ́ ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù, níbi tí ojú ẹni náà ò dé. Apá òsì ni Ògúnlẹ́yẹ wà, quarterback ń rí i kedere bó ṣe ń bọ̀. Apá yẹn náà ni tight end, ẹni tó ń dènà tó sì tún ń gba bọ́ọ̀lù, sábà máa ń dúró, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gbé bọ́ọ̀lù sá gbà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dènà ẹni tó ń sá kó tó lè lé ẹni tó ń jù ú. Sack 13 ni Taylor fúnra rẹ̀ ní lọ́dún 2003. Èmi ò gbà pé òjìji ẹnikẹ́ni ló gbé e.

Ọmọ Lágere:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Kí ni àwọn ọmọ wa lè kọ́ láti apá òsì yẹn?

Ará Ìlódè:
Kí wọ́n máa wo bọ́ọ̀lù, kí wọ́n má fetí sí ohùn. Quarterback máa ń pariwo láti tàn wọ́n, bí wọ́n bá sì ṣáájú bọ́ọ̀lù, ìjìyà yáàdì 5 nìyẹn. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń pinnu eré náà. Kí tackle, ẹni tó ń dènà wọn, tó fọwọ́ kan àyà wọn, kí wọ́n ti gbá ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kí wọ́n rẹ èjìká ọ̀tún sílẹ̀, kí wọ́n sì yí i ká.

Ẹ to ìgò oníke tí ẹ rọ iyanrìn sí lóbìírípo, kí wọ́n máa sá yí i ká, kí ara dà sínú débi pé ọwọ́ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko. Orí koríko ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o. Bí òjò bá ti rọ̀, ilẹ̀ pupa Ifẹ̀ a máa yọ̀, orúnkún ló sì ń jìyà rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n sá kọjá quarterback. Ẹni yẹn á kàn tẹ̀ síwájú, á ju bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Bí ìbàdí wọn bá ti bá a dọ́gba, kí wọ́n ṣẹ́rí padà sínú. Kí wọ́n má sì da gbogbo ara lé e lórí, yáàdì 15 ni ìjìyà rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀bọkún, Iléṣà:
Ó kù díẹ̀: ní 2004, Miami fi í ṣe pààrọ̀ fún agbábọ́ọ̀lù Marty Booker àti ipò draft kan láti ẹgbẹ́ Chicago Bears. Sack 10 ló ní níbẹ̀ ní 2005. Ó gbá Super Bowl, àṣekágbá líìgì náà, ní oṣù Kejì 2007, ẹgbẹ́ Colts sì nà wọ́n ní 29 sí 17. Àpapọ̀ sack rẹ̀ jẹ́ 67, orúnkún tí gbogbo dókítà kọ̀ yẹn ló sì fi kó wọn jọ.