Kí ni mo lè fi mú gírévì ki láìlo fúláwà?

Ìyá Ìbejì Leeds:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Dókítà ní ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ní àìsàn coeliac, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan gluten, ìyẹn èròjà kan tó wà nínú wíìtì, mọ́ rárá, tó bá ti jẹ ẹ́ báyìí, ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa dojú ìjà kọ ìfun ẹ̀, kódà kó jẹ́ èérún búrẹ́dì lásán. Búrẹ́dì, núdùsì, sẹ̀mó, bisíkíìtì, mo ti kó gbogbo ẹ̀ kúrò nílé. Ibi tó wá dojú rú fún mi ni gírévì tí wọ́n fi ń jẹ pòtétò àti adìyẹ lọ́jọ́ Sunday, torí fúláwà ni mo fi máa ń mú un ki, tí mi ò bá sì fi nǹkan sí i ńṣe ló máa ń ṣàn gbàràgàdà nínú abọ́. Kí ni kí n lò? Ẹ̀gúsí àti àpọ̀n wa ńkọ́, ṣé kò sí gluten níbẹ̀? Mo tún rí modified starch, ìyẹn sítáàṣì tí wọ́n ti tún ṣe, lára páálí kan, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

Alásè Peckham:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o mà. Kọ́nfúláwà ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó funfun báláú tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, sítáàṣì àgbàdo ni. Ẹ má bu gbígbẹ ẹ̀ sínú ìkòkò gbígbóná o, kókó ló máa dì. Omi tútù lẹ máa fi pò ó nínú kọ́ọ̀bù títí á fi rí bíi mílíìkì, kẹ́ ẹ wá máa dà á díẹ̀díẹ̀ sórí gírévì tó ń hó, kẹ́ ẹ sì máa rò ó. Tó bá ti hó padà, tẹ́ ẹ rí i pé ó ń dán, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, torí tó bá pẹ́ jù lórí iná á tún padà máa ṣàn ni. Tó bá jẹ́ ṣíbí fúláwà méjì lẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ṣíbí kan péré ti tó. Tẹ́ ẹ bá máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó di ìparí, nǹkan kíkan máa ń ba agbára sítáàṣì jẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó sí fìrísà, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, tapioca ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀, torí ti àgbàdo máa ń sun omi tó bá yọ́ tán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ka èyí, cornstarch ni kẹ́ ẹ béèrè o, tẹ́ ẹ bá ní corn flour níbí, àgbàdo lílọ̀ ni wọ́n máa gbé fún yín.

Bàbá Adùúgbò:
Ẹ̀yin obìnrin òde òní ẹ máa ń dààmú ara yín jù. Fúláwà díẹ̀ kí ló máa ṣe? Ẹ sè é dáadáa kó hó, gbogbo gluten yẹn á ti kú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Bàbá, ẹ má bínú sà, iná kì í pa gluten. Kì í ṣe kòkòrò, ara wíìtì gan-an ni, bí wọ́n yan án bí wọ́n sè é, ibẹ̀ náà ló wà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ yẹn dán an wò.

Ìyá Ìbejì, wíìtì, bálì àti ráì ni gluten wà, spelt náà wíìtì ni. Kò sí nínú ẹ̀gúsí, àpọ̀n, ilá, ewédú, ẹ̀lùbọ́, gàrí tàbí ìrẹsì. Àmọ́ tó bá jẹ́ lílọ̀ lẹ ń rà, ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́ lè ti lọ wíìtì ṣáájú, ẹ ra odidi kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ nílé, mo tẹnu mọ́ ọn. Ní ti modified starch, òfin UK ni pé tó bá jẹ́ ti wíìtì wọ́n gbọ́dọ̀ kọ wíìtì sára páálí kó sì hàn ketekete, dúdú ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí lẹ́tà ẹ̀ ki. Tí wọ́n bá kọ gluten-free, gluten tó wà níbẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 20 nínú kílò kan. Ẹ máa yẹ ara mágì wò dáadáa, soy sauce náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ní wíìtì, mọ́ọ̀tì inú ìgò sì rèé, bálì ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ra omorogùn tuntun fún tiẹ̀, èyí tó jẹ́ igi máa ń fa nǹkan mọ́ra.

Ìyá Ìbejì Leeds:
Áà, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Àkàrà ńkọ́, tá a bá lọ òde?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ̀wà ò ní gluten, òróró ni kẹ́ ẹ wádìí. Tí wọ́n bá ti din pọ́fù-pọ́fù nínú ẹ̀, kó má jẹ ẹ́. Ẹ pe olóúnjẹ kó tó dọjọ́ òde, kó fi òróró tuntun din tiẹ̀ nínú páànù tó mọ́.