Ta ni kí n fi ṣáájú nínú àwọn ọ̀dọ́ tí a fẹ́ yàn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ní Ṣágámù níbí, àwa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n mélòó kan fẹ́ yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa mú ẹnì kan nígbà tó bá kàn án, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, èmi ni wọ́n sì ní kí n to àwọn ọmọ náà fún ẹgbẹ́ wa.

Mo ti wọn gíga wọn láìwọ bàtà, mo na apá wọn wọ̀n láti ìka dé ìka, mo sì wò wọ́n nínú eré. Àwọn méjì ni mi ò mọ bí mo ṣe máa tò. Ọ̀kan ga, ó ń fò dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì lè fi ọwọ́ òsì ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kí wọ́n má gbà á. Èkejì kúrú, àmọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ a ti dé ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ kí ẹni tó ń ṣọ́ onítọ̀hún tó yíjú. Mo rántí pé ipò 41 ni wọ́n ti mú Nikola Jokić ní NBA ní 2014, síbẹ̀ ó padà di ọ̀kan nínú àwọn àgbà òṣèré ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tí wọ́n mú ṣáájú gbogbo àwọn yòókù ní 1984, ti dàgbà díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ohun tí ọmọ lè ṣe báyìí ni kí n fi tò wọ́n, àbí ohun tí ó lè dà? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.