Caprice: ewúrẹ́ kọ́ ni orírun rẹ̀

Caprice ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tó bá dédé wu ènìyàn láìnídìí. Ẹnìkan ti wá dábàá pé kí a máa pè é ní “ìṣe-ewúrẹ́”, nítorí pé capra ni orúkọ ewúrẹ́ ní èdè Látìn. N kò lè gbé èyí mì. Ọwọ́ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Faransé sì gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, tí wọ́n ń pè é ní capriccio. Ìgbọ̀nrìrì tí í mú kí irun orí dìde ni capriccio kọ́kọ́ jẹ́ lọ́dọ̀ wọn: capo ni orí, riccio sì ni ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tí í na ẹ̀gún ara rẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà á. Ìró tó jọra ló fa ewúrẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn náà. Shakespeare pàápàá fi ewúrẹ́ àti capricious dápàárá nínú eré rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àpárá kì í ṣe orírun ọ̀rọ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, olóríkunkun ni a mọ ewúrẹ́ sí nínú Yorùbá. A lé e títí, ibi tó fẹ́ náà ló tún ń padà sí. Ẹni tí caprice ń dà láàmú kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀; ohun tó wù ú láàárọ̀ lè sú u kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹlòmíràn kọ “èrò òjìji”, ìyẹn èrò tó jẹ́ òjìji ara! Mo gbà pé òjijì ló ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún odidi ìran yẹ kó lè fi àmì ohùn sí i. Bí a bá tilẹ̀ tún un ṣe, òjijì nìkan kò tó, nítorí ikú náà ń dé lójijì.

Nínú àwọn àbá náà, “àdédéwù” ló sún mọ́ ọn jù, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, à- olóhùn ìsàlẹ̀, ló bà á jẹ́. Nínú àṣejù àti àjẹkù, ènìyàn ló ń ṣe, ènìyàn ló ń jẹ. Wù kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá ní “aṣọ náà wù mí”, aṣọ ni olùwà, èmi tí nǹkan wù ni àbọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀ ni, a kò sì lè já a sílẹ̀ ní ìhòòhò. A- olóhùn àárín ló yẹ ẹ́, irú èyí tó wà nínú apanilẹ́rìn-ín, kí àbọ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e: adédéwuni. Èyí bá ìgbọ̀nrìrì àwọn ará Ítálì mu, nítorí kò sí ẹni tó ń pinnu pé òun fẹ́ gbọ̀n. Nǹkan náà ló ń mú ènìyàn.

Àwọn àgbà kan ní ìfẹ́-inú ti tó, pé kí ni a tún ń wá kiri. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ìfẹ́-inú lè pẹ́ lọ́kàn fún ogún ọdún, ó sì lè ní ìdí tó gún régé. Ẹ gbé méjèèjì sínú gbólóhùn kan náà wò: “ìfẹ́-inú ni ọ̀gá yẹn fi ń darí ilé-iṣẹ́” àti “adédéwuni ni ọ̀gá yẹn fi ń darí ilé-iṣẹ́”. Ọ̀gá kejì ni òṣìṣẹ́ yóò máa sá fún.