Ilé tá a ń gbé, ìgbà wo ló wá di tiwa? Ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Fọ́tò ilé olówó tá à ń fi ránṣẹ́ síra wa láti ìjẹta yìí dáa, àmọ́ mo fẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa gan-an. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tá a kó débí, funfun ni onílé kun gbogbo ẹ̀, táìsì funfun, gílóòbù funfun tó ń tàn yòò, èmi náà bá lọ ra kọ́tìnnì aláwọ̀ eérú àti àga aláwọ̀ eérú torí ohun tí mo ń rí lórí fóònù nìyẹn. Owó tán, pálọ̀ mọ́ tónítóní, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Bàbá wọn á jẹun tán á wọ yàrá lọ, àwọn ìbejì á wá ká mi mọ́ kíṣìnnì, àlejò tó bá sì wá, á jókòó bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ìyá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, wọ́n jókòó sétí àga báyìí, báàgì wọn wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wò yíká, wọ́n ní, "Ilé yìí mọ́ o. Ta ló ni ín?" Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ yẹn fi ń rò nínú mi.

Iná ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo yọ gílóòbù funfun yẹn, mo fi èyí tí iná ẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àtùpà sí i. Ẹ wo ara páálí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó o, torí wọ́n jọra lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á: èyí tí wọ́n kọ 2700K sí ni iná ẹ̀ máa ń tuni lára, 6500K ni funfun bíi ti ọsibítù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá àwọn ìbejì jókòó sí pálọ̀ títí NEPA fi mú iná lọ.

Mo wá bẹ ìyá mi fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ wọn kan tó ti wà nínú àpótí kí wọ́n tó bí mi. Ìbàdàndùn lorúkọ ọnà ẹ̀. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n yà sí i, ṣíbí wá wà láàárín òpó sí òpó. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya irú ẹ̀, wọ́n á máa tì í bọ ẹ̀kọ láfún, ibi tí ẹ̀kọ bá ti kàn, aró ò ní lè wọ ibẹ̀, tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tán tí wọ́n ha ẹ̀kọ yẹn kúrò ni ọnà á wá yọ. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ tèmi, ẹ máa rí ibi tí ọwọ́ ìyá tó yà á ti yẹ̀, ṣíbí kan tẹ̀ sápá ọ̀tún ju àwọn yòókù lọ. Kò síbi tí mo fẹ́ràn tó ibẹ̀ nínú ilé yìí. Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ rí i. Mo kó àwọn méjèèjì lọ sí Mápó kí wọ́n lọ fojú ara wọn wo òpó náà, ilé tí wọ́n ṣí ní 1929, wọ́n dé'bẹ̀ wọ́n ń bi mí pé ṣíbí dà.

Onílé ò fẹ́ ìṣó lára ògiri. Káfíńtà bá mi gé igi pẹlẹbẹ méjì, ó fi há etí aṣọ náà lókè, a wá fi okùn so ó kọ́ irin kọ́tìnnì. Apá ibi tí oòrùn kì í dé ni mo gbé e sí torí oòrùn máa ń jẹ́ kí aró ṣá. Ohun tó dùn mí ni ti tìmùtìmù àga: mo ra àdìrẹ tuntun ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, mi ò fọ̀ ọ́, mo ní kí télọ̀ rán an ní kíá, ọ̀sẹ̀ kejì aró ti ràn mọ́ àga eérú yẹn, kò sì kúrò dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ tuntun lọ́tọ̀ nínú omi tútù títí omi ẹ̀ á fi mọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, London:

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ rán mi létí nǹkan. Nígbà tí màmá mi kú, ìpèlé sányán wọn ló kàn mí, ó sì wà nínú àpótí aṣọ mi ní Peckham fún ọdún mẹ́ta torí mi ò lè wò ó. Mo wá fẹ́ fi ṣe nǹkan sílé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ní tí mo bá fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ ìyá wa àwọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá kan tó ń ránṣọ níbí ló là mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, aṣọ òkè kọ́ lèyí? Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀." Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tú ojú rírán ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, odidi ọ̀sán kan, a ò gé fọ́nrán òwú kan. Ọ̀kan nínú àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi báyìí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nínú òtútù, mo máa ń fọwọ́ kàn án kí n tó bọ́ bàtà. Ẹ̀gbọ́n mi rí i lórí fídíò, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n sún mọ́ ọn káwọn rí i dáadáa.

Àǹtí Tíṣà, Ọ̀yọ́:

Tèmi ò gùn. Tìmùtìmù aláwọ ni mo rà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ awọ níbí, pupa àti dúdú, òfìfo ni wọ́n tà á fún mi. Dípò fóòmù, aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ mi tí kò gbà wọ́n mọ́ ni mo kì sínú ẹ̀, láti nọ́sìrì dé prámárì síìsì. Àbíkẹ́yìn mi ló máa ń jókòó lé e wo tẹlifíṣàn. Ìyá Ìbejì, Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà wá?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Wọ́n wá nígbà Iléyá. Wọn ò tiẹ̀ jókòó sórí àga, wọ́n ní ká tẹ́ ẹní sábẹ́ àdìrẹ yẹn, wọ́n bọ́ gèlè, wọ́n nasẹ̀, wọ́n wá ń fi ìka tọ ọnà ẹ̀ fún Táyé, orúkọ ìyá tó rẹ ẹ́ ni wọ́n ń sọ fún un nígbà tí mo gbé omi dé.