Wọ́n lu àbúrò mi ní jìbìtì ní Prague lónìí, kí ni ká ṣe?

Adéṣewà (1:41 ọ̀sán)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Àná ni àbúrò mi ọkùnrin dé Prague, olú ìlú orílẹ̀-èdè Tsẹ́kì, fún ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta, wọ́n sì ti fojú rẹ̀ rí màbo. Ó kó 300 yúrò fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù kan pé kí wọ́n bá òun ṣẹ́ ẹ sí kọ́rúnà (owó Tsẹ́kì), 5,400 ni wọ́n kà fún un. Mo wò ó lórí fóònù mi, yúrò kan ń lọ bíi kọ́rúnà 24 sí 25! Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síta pé àwọn kì í gba kọ́míṣàn. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Nígbà tó bi í léèrè, ó nàka sí bébà kan lára ògiri, ó ní kó yà fún ẹni tó kàn.

Kò tán síbẹ̀. Nínú tíráàmù (ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín ìlú), ọkùnrin kan tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ yọ nǹkan pélébé kan lápò, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dára, ó sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó fi owó ara rẹ̀ rà! Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í bá èèyàn jà, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú un fún aláìgbọ́n. Àwọn nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí n kò lè kọ tán. Ṣé kó pe báńkì rẹ̀ ni? Àbí kó lọ sí ẹ́ńbásì?

Bàbá Olóyè (1:46)
Aago mélòó ló ṣẹ́ owó náà? Ó wà lórí risíìtì. Ẹ dáhùn èyí ná.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2019, òfin Tsẹ́kì fún ẹni tó bá ṣẹ́ owó ní ṣọ́ọ̀bù ní wákàtí 3 láti sọ pé òun kò ṣe mọ́, bí owó náà kò bá ju 1,000 yúrò lọ. Kò ní láti sọ ìdí kankan. Á dá kọ́rúnà wọn padà, wọ́n á dá yúrò rẹ̀ padà, wọn kò sì gbọdọ̀ yọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Tóyìn (1:50)
"A kì í gba kọ́míṣàn" yẹn gan-an ni ìdẹ. Inú réètì ni wọ́n ti ń gba tiwọn. Ìlà méjì ló máa ń wà lára pátákó wọn: "nákup" ni iye tí wọ́n fi ń ra yúrò lọ́wọ́ ẹni, "prodej" ni iye tí wọ́n fi ń tà á. Ẹni tó bá mú yúrò wá, "nákup" ló kàn án, òun ló sì kéré jù. Kí èèyàn tó ti owó bọ abẹ́ gíláàsì, kó bi wọ́n pé: bí mo bá fún yín ní 300, mélòó ló máa wọ ọwọ́ mi? Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìṣírò kó fojú ara rẹ̀ rí i. Sista, ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ gbogbo èyí fún un kó tó wọ bàálù.

Adéṣewà (1:54)
Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ẹjọ́ tiwa. Ọmọ tó kàwé ni. Òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló júwe ṣọ́ọ̀bù yẹn fún un, ta ni kì bá gbà á gbọ́? Ti ọkùnrin inú tíráàmù yẹn ló tilẹ̀ ń dùn mí jù. Ibo la ti fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Kúnlé (1:58)
Ẹ máà fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn lórí ìyẹn. Ó dà bíi pé kò lu tíkẹ́ẹ̀tì náà ni. Ní Prague, rírà nìkan kò tó. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bébà bá wọ ọwọ́ ẹni, inú àpótí pupa rúsúrúsú, àwọ̀ yẹ́lò, tó wà nínú tíráàmù tàbí lẹ́nu ọ̀nà ibùdó métrò ló máa tì í bọ̀, kí ẹ̀rọ tẹ ọjọ́ àti aago sí i lára. Ìgbà yẹn ni ìṣẹ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tí kò bá ní òǹtẹ̀ yẹn, bákan náà ni pẹ̀lú ẹni tí kò ra nǹkan kan. Èyí tí wọ́n fi káàdì rà lára ẹ̀rọ inú tíráàmù ló ti ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti orí fóònù, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó wọlé.

Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kì í sábà wọ aṣọ iṣẹ́. Báàjì onírin tó ní nọ́ńbà ni wọ́n máa ń fi hàn, nǹkan pélébé tí ẹ̀ ń wí nìyẹn. Bí wọ́n bá fún un ní risíìtì ìtanràn, òótọ́ ni wọ́n.

Bàbá Olóyè (2:00)
Aago, Adéṣewà. Aago ni mò ń bi yín.

Ìyá Sími (2:02)
Ní tèmi o, kó pe ọlọ́pàá. 158 ni nọ́ńbà wọn, 112 náà ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà kó kọrí sí ẹ́ńbásì.

Akin (2:04)
Kí ni ọlọ́pàá fẹ́ ṣe sí réètì burúkú, Ìyá Sími? Bó bá ti wà lára pátákó, olè kọ́ nìyẹn lójú òfin. Ẹ́ńbásì kì í sì í bá èèyàn gba owó. Ẹni tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sọnù, tí wọ́n tì mọ́lé, tàbí tó ń ṣàìsàn ni wọ́n wà fún. Báńkì àpapọ̀ wọn, Česká národní banka, ló ń ṣọ́ àwọn apààrọ̀ owó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹjọ́ wọn. Wákàtí 3 yẹn náà, ṣebí ìgbà tó mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni wọ́n á ti máa kà á?

Bàbá Olóyè (2:06)
Rárá o, Akin. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ owó náà ni, kì í ṣe ìgbà tí ojú rẹ̀ là. Ìdí tí mo fi ń pariwo aago látàárọ̀ nìyẹn.

Adéṣewà (2:09)
Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ku ohun kan tí n kò sọ, ojú ló ń tì mí. Nígbà tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tó ń bínú, ọkùnrin kan pàdé rẹ̀ lójú pópó, ó ní òun á fún un ní 25 gééré, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn olè yẹn. Ó bá fún un ní 200 yúrò, ọkùnrin náà ka bébà 1,000 márùn-ún fún un. Kò tíì rìn jìnnà tí àwọn méjì kan fi dé, wọ́n ní ọlọ́pàá làwọn, wọ́n ní àwọn rí i tó ń ṣẹ́ owó lọ́nà àìtọ́. Wọ́n gba pọ́ọ̀sì rẹ̀, wọ́n ń ka owó, wọ́n tilẹ̀ ń gbóòórùn rẹ̀ pé àwọn ń wá oògùn olóró. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní kó máa lọ. Ìgbà tó dé òtẹ́ẹ̀lì ló rí i pé 150 yúrò ti dín.

Ó wá ya fọ́tò àwọn bébà 1,000 yẹn ránṣẹ́ sí mi. "Magyar Nemzeti Bank" ni wọ́n kọ sí i. Kí nìyẹn?

Tóyìn (2:11)
Owó Húngárì ni! Fọ́ríntì. Márààrún kò tó yúrò 15. Bébà 1,000 ti Tsẹ́kì, "TISÍC KORUN ČESKÝCH" ló máa wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán òpìtàn wọn kan, Palacký onírùngbọ̀n. Nọ́ńbà nìkan ni àlejò ń wò, ohun tí àwọn èèyàn yẹn sì gbójú lé nìyẹn. Wọ́n tún máa ń lo owó Bẹ̀lárùs àti Bùlgáríà àtijọ́, lẹ́tà ti àwọn yẹn kò tiẹ̀ jọ tiwa.

Kúnlé (2:12)
Àwọn "ọlọ́pàá" yẹn àti ẹni tó ṣẹ́ owó, ẹgbẹ́ kan náà ni. Ọlọ́pàá tòótọ́ kì í tú pọ́ọ̀sì ẹni lójú títì láti ka owó inú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún dá a dúró, kó má fi pọ́ọ̀sì lé wọn lọ́wọ́. Kó ní àgọ́ ọlọ́pàá ni òun máa bá wọn lọ, kó sì tẹ 158 níṣojú wọn. Wọn kì í dúró gbọ́ ìdáhùn.

Bàbá Olóyè (2:13)
Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí wá di báyìí. Ẹni ojú pópó kò ní ìwé àṣẹ, kò sí risíìtì, òfin wákàtí 3 kò kàn án. Ẹ gbàgbé 200 yẹn ná. Ṣùgbọ́n 300 ti ṣọ́ọ̀bù lè má tíì bọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Risíìtì dà?

Adéṣewà (2:16)
Ó wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. 11:52 ló wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ná nínú owó náà, 4,150 ló kù. Bébà tí wọ́n fún un kò pé mọ́, ṣé wọ́n á ṣì gbà á?

Bàbá Olóyè (2:18)
2:52 ló máa parí. Kó gbéra báyìí.

Iye ni wọ́n ń wò, kò ní láti jẹ́ bébà kan náà. 5,400 ló máa dá padà gééré, nítorí náà ó nílò 1,250 sí i. Kó wá ẹ̀rọ ATM tó wà lára báńkì gan-an, kì í ṣe èyí tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn arìnrìn-àjò. Kó gba 1,300. Bí ẹ̀rọ bá béèrè pé ṣé kí àwọn yí i sí owó ilé rẹ̀, kó kọ̀. Kó yan kí wọ́n yọ ọ́ ní kọ́rúnà. Bó bá gbà fún wọn, ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ló máa fúnra rẹ̀ gé réètì, gbèsè kejì nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni kó padà sí. Kó kó fọ́ríntì yẹn sí àpò ọ̀tọ̀ o, kó má lọ kó wọn mọ́ kọ́rúnà tó fẹ́ dá padà. Kó kọ èyí sórí fóònù kó nà án sí wọn: "Chci odstoupit od smlouvy." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun ń jáde kúrò nínú àdéhùn náà. Kó má pariwo, kó má sì kúrò níwájú gíláàsì.

Ìyá Sími (2:21)
Ẹ dúró, káàdì dà? Ṣé káàdì wà nínú pọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà yẹn?

Adéṣewà (2:24)
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í ni. Káàdì méjì ló ní. Ọ̀kan wà. Kò rí èkejì. Ó ní wọ́n bi òun ní nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ló ni ín, òun sì sọ ọ́.

Ìyá Sími (2:24)
Káàdì náà ló ṣáájú ohun gbogbo! Ẹni tó ní nọ́ńbà àṣírí lè gba owó lẹ́nu ATM láìsí ìdíwọ́. Kó wọ orí áàpù báńkì rẹ̀ bó ṣe ń rìn lọ, kó ti káàdì yẹn pa. Bí kò bá rí i tì, kó pe báńkì. Káàdì kejì ni kó fi gba 1,300.

Akin (2:26)
Ohun tí Sista kọ́kọ́ béèrè ní 1:41 nìyí, bóyá kó pe báńkì. Gbogbo wa fò ó dá.

Tóyìn (2:27)
Ṣé wọ́n dárúkọ káàdì kankan ní 1:41 ni? Ta ló fẹ́ lálàá rẹ̀?

Bàbá Olóyè (2:28)
Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Adéṣewà, bí wọ́n bá kọ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀bù, kó ya fọ́tò pátákó réètì, risíìtì, iwájú ṣọ́ọ̀bù àti aago tó débẹ̀. Ó lè kọ̀wé sí báńkì àpapọ̀ wọn. Finanční arbitr náà wà, òun ló ń dá irú ẹjọ́ báyìí láàárín oníbàárà àti apààrọ̀ owó, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.

Adéṣewà (3:04)
Ó ti gbà á! 2:43 ló débẹ̀. Obìnrin yẹn kọ́kọ́ mi orí. Ó na fóònù sí i, obìnrin náà kà á, ó pe ẹnì kan, ó wá ní kó fọwọ́ sí ìwé. Ó gba risíìtì, ó ka 5,400 lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fún un ní 300 yúrò rẹ̀. Wọn kò yọ nǹkan kan.

Ó ti ti káàdì yẹn pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ti lọ kó tó tì í, kọ́rúnà 4,000, lẹ́nu ATM.

Ìyá Sími (3:07)
Ọpẹ́ ni. Kó tún pe báńkì, kó ní òun kọ́ ló gba 4,000 yẹn, kó sì ní kí wọ́n fún òun ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Kó má purọ́ pé òun kò sọ nọ́ńbà àṣírí. Sísọ tó sọ ọ́ lè jẹ́ kó ṣòro kí wọ́n dá owó náà padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá já a níró, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Kúnlé (3:09)
Ìsinsìnyí ni ọlọ́pàá kàn. Àgọ́ tó wà ní Jungmannovo náměstí, nítòsí Wenceslas Square, ni kó lọ. Àwọn ògbufọ̀ wà níbẹ̀ fún àlejò. Kó mú páásípọ́ọ̀tù dání, kó sọ ibi tí ó ti pàdé wọn, aago, aṣọ tí wọ́n wọ̀, àti aago tí 4,000 jáde. Kó gba ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn náà. Báńkì máa béèrè rẹ̀, iléeṣẹ́ adójútòfò náà á béèrè.

Adéṣewà (3:12)
Ó ti ń lọ. Ó ní kí n bi yín, ṣé kó tètè ṣẹ́ fọ́ríntì yẹn kó lè rí nǹkan díẹ̀ gbà nínú rẹ̀?

Bàbá Olóyè (3:13)
Kó má ṣẹ́ nǹkan kan mọ́ lónìí! Kó kó o fún ọlọ́pàá, ẹ̀rí ni.